Báwo ni ìbò 132 ṣe pàdánù sọ́wọ́ ìbò 74 ní sínọ́ọ̀dù?

Ọmọ_Akọrin

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí, ìṣirò kan ò jẹ́ kí n sùn láti àná.

Mo ń ka ìtàn bí Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi obìnrin jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe dé ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Wọ́n gbé àbá náà síwájú sínọ́ọ̀dù àgbà wọn, ìyẹn àpéjọ tó ń ṣòfin ìjọ, lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì dìbò. Nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù, 44 gbà, 3 kọ̀. Nínú àwọn àlùfáà, 148 gbà, 45 kọ̀. Nínú àwọn ọmọ ìjọ, 132 gbà, 74 kọ̀. Kí ni wọ́n wá kéde? Pé àbá ti ṣubú!

Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: 324 gbà, 122 kọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìyẹn? Ṣé magomágo ni, àbí èmi ni mi ò mọ ìṣirò?

Arábìnrin_Amòfin

O mọ ìṣirò, àbúrò. Ríró tí o ro wọ́n pọ̀ ni àṣìṣe rẹ. Sínọ́ọ̀dù kì í ro wọ́n pọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo.

Ilé mẹ́ta ló wà nínú sínọ́ọ̀dù àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ilé àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ilé àwọn àlùfáà, àti ilé àwọn ọmọ ìjọ, ìyẹn àwa tí a ò wọ kọ́là. Inú gbọ̀ngán kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ìbò ìkẹyìn lórí òfin, ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé kan ṣoṣo tó bá kọ̀, ó parí nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ kéékèèké, ibi tí ọwọ́ bá ti pọ̀ ni wọ́n ń lọ. Síbẹ̀, bí ènìyàn 25 bá dìde pé kí wọ́n kà á nílé-nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á.

Ohun kejì: lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, kò tó kí ẹni tó gbà ṣáà ti pọ̀ ju ẹni tó kọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè, nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 206 ló dìbò nínú ilé ọmọ ìjọ. Èyí tí wọ́n nílò jẹ́ 138. Wọ́n rí 132. Ìbò mẹ́fà péré ló gbé e ṣubú.

Ìyá_Ìbejì

Mẹ́fà! Ìyẹn ni pé bí ẹni mẹ́fà nínú àwọn tó kọ̀ bá jáde lọ mumi lásìkò ìbò, obìnrin ì bá ti di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún náà?

Arábìnrin_Amòfin

Ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mẹ́fà ò ní tó, mà. Bí mẹ́fà bá jáde, 200 ló kù, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ á sì di 134. Ẹni mẹ́jọ ni òùngbẹ gbọ́dọ̀ gbẹ. (Bí mẹ́fà bá jókòó tí wọ́n yí ọkàn padà, ìyẹn tó.)

Ẹlẹ́nu_Òótọ́

Ẹ máa pè é ní òfin o. Èmi ò rí ohun tó yàtọ̀ sí kí àwọn díẹ̀ gun gbogbo ayé lórí. Dáyọ́sísì 44, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń darí, ló wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú sínọ́ọ̀dù àgbà, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí sínọ́ọ̀dù dáyọ́sísì kọ̀ọ̀kan. Méjìlélógójì gbà. Chichester àti London nìkan ló kọ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbà, àwọn àlùfáà gbà, dáyọ́sísì gbà, ẹni 74 wá ní kò ní ṣeé ṣe. Ta ló yan àwọn yẹn ná? Ta ni wọ́n ń ṣojú?

Bàbá_Wọ́dìn

Ẹlẹ́nu, ìbéèrè rẹ ìkẹyìn yẹn ló lórí, ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbogbo ọmọ ìjọ ló ń tò sórí ìlà láti dìbò.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìpàdé ọdọọdún. Níbẹ̀ ni àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ìjọ ti ń yan ẹni tí yóò lọ sí sínọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń pè ní deanery, ìyẹn ìjọ mélòó kan tó wà nítòsí ara wọn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní deanery wọ̀nyí nìkan ló ń dìbò yan àwọn tó ń lọ sí ilé ọmọ ìjọ ní sínọ́ọ̀dù àgbà, tí àwọn yẹn ń lo ọdún márùn-ún. Ẹ wò ó báyìí: èmi tí mò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò dìbò yan ẹni tó ń ṣòfin fún mi. Mo yan ẹni tó yan ẹni náà. Ti àwọn àlùfáà ṣe tààrà ju tiwa lọ, àlùfáà ló ń dìbò yan àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ojú mi ti rí i nílé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ ṣojú ìjọ wa ní sínọ́ọ̀dù dáyọ́sísì. Báwo ni wọ́n ṣe yàn mí? Alága ìpàdé béèrè pé, "Ta ló máa lọ?" Gbogbo wa wolẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá: "Wọ́dìn náà ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbò ti tán nìyẹn o! Ìwé ìpàdé tó nípọn bíi bíríkì dé ọwọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mi ò kà á tán kí wọ́n tó ní ká dìbò, mi ò sì rò pé èmi nìkan ni.

Ọmọ_Akọrin

😂😂 Bàbá Wọ́dìn, ẹ ṣeun sà. Ìjọ wa gan-an lẹ ń ròyìn yẹn.

Ẹlẹ́nu_Òótọ́

Ẹ ti bá mi sọ ọ́. Ẹni tó bá ráyè jókòó ní ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, tó fẹ́ràn àríyànjiyàn, òun ló ń dé òkè. Àwọn tó ní ohun tí wọ́n ń jà fún máa ń ráyè ju àwọn yòókù lọ.

Arábìnrin_Amòfin

Mi ò bá yín jiyàn lórí ti deanery. Ibẹ̀ ni òrùlé ti ń jò, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń pariwo rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ohun tó dín ewu rẹ̀ kù díẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń dìbò. Olùdìbò kì í fàmì sí orúkọ kan ṣoṣo. Ó ń to àwọn olùdíje sí ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta. Bí ẹni tí o fi ṣe àkọ́kọ́ kò bá lè wọlé, ìbò rẹ á kọjá sórí ẹni kejì. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kékeré tó bá mú ara pọ̀ lè rí ẹni kan tàbí méjì mú wọlé, àmọ́ ẹgbẹ́ ńlá kò lè gba gbogbo àga mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti yapa sí ẹ, Ẹlẹ́nu, ni pé o ń sọ ọ́ bí ẹni pé àìsàn ọmọ ìjọ ni. Kò sí ilé tí kò tíì dí ọ̀nà rí. Ní oṣù Kejì 2017, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ìròyìn kan wá lórí ìgbéyàwó àti àwọn tó ń fẹ́ akọ-sákọ tàbí abo-sábo. Wọ́n kàn ní kí sínọ́ọ̀dù sọ pé òun ti rí ìròyìn náà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíṣọ́ọ̀bù 43 gbà, ẹyọ kan kọ̀. Ọmọ ìjọ 106 gbà, 83 kọ̀. Ilé àlùfáà ńkọ́? 93 gbà, 100 kọ̀. Ìròyìn ṣubú. Wá wo Kánádà ní 2019: wọ́n fẹ́ yí òfin ìgbéyàwó ìjọ padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ni wọ́n ń wá. Àwọn ọmọ ìjọ fún un ní nǹkan bí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn àlùfáà fún un ní 73. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù dúró sí 62, ó ṣubú.

Lẹ́ẹ̀kan ọmọ ìjọ, lẹ́ẹ̀kan àlùfáà, lẹ́ẹ̀kan bíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà nìyẹn, tí kò fi ní sí ẹni tó lè dá gbé ìjọ gba ọ̀nà tí àwọn méjì yòókù ò fẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ẹ mẹ́nu kan Kánádà, ẹ ò sì sọ èyí tó dùn jù níbẹ̀! Sínọ́ọ̀dù méjì tó tẹ̀ léra ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọjá. Èyí àkọ́kọ́ wáyé ní 2016. Wọ́n dìbò, wọ́n kéde pé ó ti ṣubú nílé àlùfáà, pé ìbò kan ṣoṣo ló kù. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń dúpẹ́, gbogbo wọn lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n yẹ ìwé ìbò wò, àṣé wọ́n ti ṣi ìbò akọ̀wé àgbà sínọ́ọ̀dù kọ. Àlùfáà ni, kò sì sí nínú iye tí wọ́n kà fún àwọn àlùfáà. Wọ́n dá ìbò rẹ̀ padà síbi tó yẹ, 51 di 52, 26 kọ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta géérégé! Ohun tó kú lálẹ́ jíǹde láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù wá pa á ní 2019 bí Arábìnrin ṣe sọ.

Ìyá_Ìbejì

Ha! Ìwé ìbò náà ń ṣojúsàájú 😅

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀tàn, ta ló dá ilé mẹ́ta yìí sílẹ̀? Mo rò pé bíṣọ́ọ̀bù ló ni ìjọ ni, tiwa ni ká wí àmín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Mà, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Àpéjọ àtijọ́ méjì ló wà, ti Canterbury àti ti York, ẹkùn méjì tí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín sí, tí wọ́n ń pè ní Convocation. Bíṣọ́ọ̀bù àti àlùfáà nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Ọba Henry Kẹjọ wá so okùn mọ́ wọn lọ́rùn: òfin 1534 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe òfin ìjọ kankan láìgba àṣẹ ọba. Ní 1717, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nítorí bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Hoadly, ìjọba sì pa àpéjọ náà lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ọdún kan, kì í ṣe méjì. Ó di 1852 kí ti Canterbury tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Ọdún márùndínlógóje tí ìjọ kan kò fi ní ẹnu tó lè fi sọ̀rọ̀!

Àwọn tó wà lókè òkun ò dúró dè wọ́n. Àwọn Áńgílíkà Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n gbòmìnira, kò sí ọba tí wọ́n máa wò, kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù púpọ̀. Wọ́n ṣe àpéjọ gbogboogbò wọn àkọ́kọ́ ní Philadelphia ní 1785, ọmọ ìjọ sì jókòó pẹ̀lú àlùfáà níbẹ̀. Ní 1789 ni wọ́n wá fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ilé tiwọn. Ẹ tún un kà o: ilé ọmọ ìjọ àti àlùfáà ló kọ́kọ́ wà, kí ti bíṣọ́ọ̀bù tó dé. Ní New Zealand, Bíṣọ́ọ̀bù Selwyn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé òfin kan ní 1857 tó fi ọmọ ìjọ sínú sínọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, tó jẹ́ ìyá gbogbo wọn, 1919 ni ilé aṣòfin wọn tó fún ìjọ láyè láti ní àpéjọ tí ọmọ ìjọ ń dìbò nínú rẹ̀ lórí òfin. Èyí tí a ń pè ní sínọ́ọ̀dù àgbà lónìí, 1970 ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ló kọ́ ìyá rẹ̀ ní ìrìn.

Ọmọ_Akọrin

"ilé aṣòfin wọn tó fún ìjọ láyè": kí ló kan ìjọba nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n?

Arábìnrin_Amòfin

Jẹ́ kí n gba ìyẹn, oúnjẹ mi ni.

Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìjọ ìjọba. Òfin tí sínọ́ọ̀dù bá ṣe, tí wọ́n ń pè ní Measure, lágbára kan náà pẹ̀lú òfin ilẹ̀, nítorí náà kò lè dá dé orí ìtẹ́ ọba. Á kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 30, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ilé aṣojú-ṣòfin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ilé àwọn Lọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn èyí, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á kí ọba tó fọwọ́ sí i. Wọn ò lè yí kọ́mà kan padà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣẹ tí wọ́n ní ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ má rò pé àfẹnuṣe ni. Ní 1927, ìjọ tún Ìwé Àdúrà ṣe, àpéjọ ìjọ gbà á, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù gbà á. Ó dé ilé aṣojú-ṣòfin: 205 gbà, 238 kọ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e padà lọ ní oṣù Kẹfà 1928: 220 gbà, 266 kọ̀. Àwọn olóṣèlú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Áńgílíkà rárá, ló pinnu irú àdúrà tí Áńgílíkà máa gbà. Ọgbẹ́ yẹn ò jinná bọ̀rọ̀. Ó di 1974 kí wọ́n tó ṣe òfin tó jẹ́ kí sínọ́ọ̀dù máa fọwọ́ sí ètò ìsìn tuntun láìsí pé ó ń lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ aṣòfin, bí wọn ò bá ṣáà ti fọwọ́ kan ìwé àdúrà 1662.

Ẹlẹ́nu_Òótọ́

Ìyẹn ni pé bí Olórí ìjọba bá bínú sí sínọ́ọ̀dù, ó lè fipá mú un?

Arábìnrin_Amòfin

Wọ́n bínú ní 2012, ariwo sọ nílé aṣòfin. David Cameron, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, bá ìjọ wí ní gbangba níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọn ò fipá mú wọn. Wọ́n fi sínọ́ọ̀dù sílẹ̀ kó lọ tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe.

Àlejò_Mẹ́tọ́díìsì

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ Wesley ni mí, mo kàn yà ni. Ọ̀rọ̀ ìdá yìí dùn wá ju ẹ̀yin lọ. Wọ́n fẹ́ so Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Mẹ́tọ́díìsì pọ̀. Kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì tiwa gbà á ní 1969. Ọ̀dọ̀ yín, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ní ẹ fẹ́. Ẹ gbìyànjú ní 1969, kò pé. Ẹ tún gbìyànjú ní 1972 ní sínọ́ọ̀dù tuntun yín, ó dé 65.81. A ti múra ìyàwó tán, ọkọ ní òun ń ka òwú aṣọ 🙂

Bàbá_Wọ́dìn

Ẹ má bínú, àna wa. Ẹ̀bi ìdá náà ni.

Ó rán mi létí 1992, nígbà tí wọ́n ń dìbò kí obìnrin di àlùfáà. Mo gbọ́ pé ìbò kan ṣoṣo ló fi wọlé nílé ọmọ ìjọ.

Arábìnrin_Amòfin

Bàbá, méjì ni. Ọmọ ìjọ 169 gbà, 82 kọ̀, àpapọ̀ 251. 168 ni wọ́n ń wá. Bí ẹnì kan bá yí padà sí rárá, 168 ṣì kù, ó ṣì wọlé. Ẹnì kejì ló máa ba á jẹ́.

Bàbá_Wọ́dìn

Mo gbà, Arábìnrin. Ẹni méjì.

Ìyá_Ìbejì

Báwo ni wọ́n ṣe wá rí ti bíṣọ́ọ̀bù obìnrin ṣe lẹ́yìn 2012? Ṣé wọ́n lé àwọn 74 náà lọ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ibi tí mo fẹ́ kí Ẹlẹ́nu wá jókòó sí gan-an nìyí. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Sínọ́ọ̀dù tí wọ́n yàn ní 2010 ló dìbò ní 2012, òun náà ló tún dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2014. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tó kúrò tí ẹlòmíràn bọ́ sípò wọn, àwọn ènìyàn kan náà ni. 132 di 152, 74 di 45.

Kí ló yí padà? Ìwé náà. Àwọn tó kọ̀ ní 2012 kì í ṣe ẹni tó kórìíra bíṣọ́ọ̀bù obìnrin nìkan. Àwọn kan wà nínú wọn tó fẹ́ ẹ, àmọ́ tí wọ́n rí i pé àbò tí òfin náà ṣe fún àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn ò gbà á kò tó. Ìwé ọ̀hún ti díjú jù pẹ̀lú. Oṣù Karùn-ún 2012 kan náà ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ kan gbólóhùn kan nínú rẹ̀, ariwo sọ, sínọ́ọ̀dù sì ní lóṣù Keje kí wọ́n gbé e padà lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìṣubú náà, wọ́n kó àwọn tó ń bá ara wọn jà jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn alárinà. Òfin tí wọ́n mú jáde kúrú. Àbò fún àwọn tó kọ̀ kò sí nínú òfin mọ́, inú ìkéde àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló wà, pẹ̀lú ìlànà márùn-ún àti ẹnì kan tó dá dúró tí ìjọ lè lọ fẹjọ́ sùn. Libby Lane ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí mímọ́, ní York, oṣù Kìíní 2015. Ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n kéde Sarah Mullally fún ìtẹ́ Canterbury fúnra rẹ̀, ìyẹn ipò bíṣọ́ọ̀bù àgbà wọn.

Ẹlẹ́nu_Òótọ́

Mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé sínọ́ọ̀dù kan náà ni. Mo ti ń rò pé wọ́n tún ìbò yàn kí wọ́n tó rí i ṣe.

Àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n béèrè èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn mi. Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń dìbò ni? Bí òtítọ́ bá jẹ́ òtítọ́, ṣé ìdá 64 ló sọ ọ́ di irọ́, tí ìdá 77 wá sọ ọ́ di òtítọ́?

Bàbá_Wọ́dìn

Ẹlẹ́nu, ẹ̀rù ìbéèrè yẹn máa ń bà mí nígbàkigbà tí mo bá ti wọ sínọ́ọ̀dù. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 15, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkọlà fẹ́ tú ìjọ ká, wọ́n pé jọ sí Jerúsálẹ́mù. Pétérù sọ̀rọ̀, Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ròyìn, Jákọ́bù sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró, gbogbo ìjọ sì fọwọ́ sí i. Kò síbi tí mo ti rí i pé wọ́n ka ìbò. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn púpọ̀ ti wáyé kí Pétérù tó dìde, Bíbélì ò fi ìyẹn pamọ́.

Arábìnrin_Amòfin

Áńgílíkà ò sọ rí pé sínọ́ọ̀dù kì í ṣìnà. Nínú Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógójì wọn, ìkọkànlélógún sọ ọ́ ní kedere pé àpéjọ gbogboogbò lè ṣìnà, pé wọ́n sì ti ṣìnà rí. Ìjọ tó kọ ìyẹn sínú ìwé ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó ní kí ìbò le.

Bíṣọ́ọ̀bù tún ní ààbò tirẹ̀ lórí ẹ̀kọ́. Ohun tó bá kan ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tàbí ètò ìsìn, sínọ́ọ̀dù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé bíṣọ́ọ̀bù kí ìbò ìkẹyìn tó wáyé, bí wọ́n bá sì ṣe gbé e jáde ni wọ́n máa dìbò lé e lórí. O lè kọ̀ ọ́. O ò lè tún un kọ.

Ọmọ_Akọrin

Tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? Àti àpérò Lambeth tí mo ń gbọ́, ṣé òun ni sínọ́ọ̀dù gbogbo ayé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Lambeth kì í ṣe sínọ́ọ̀dù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń lọ, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ló sì ń pè wọ́n, láti 1867 tí Longley ti pe ti àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí jẹ́ ìmọ̀ràn. Ní 1998 wọ́n dìbò 526 sí 70 lórí ìgbéyàwó, pé ti ọkùnrin àti obìnrin ni. Síbẹ̀, ìbò yẹn ò lè de Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lọ́wọ́, torí ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà fún gbogbo Áńgílíkà àgbáyé, tí àlùfáà àti ọmọ ìjọ náà ń jókòó nínú rẹ̀, tó kọ́kọ́ pàdé ní Limuru ní Kẹ́ńyà ní 1971. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Hong Kong fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fi obìnrin jẹ àlùfáà, ìbò 24 sí 22 ni wọ́n fi dá a lóhùn pé kò burú bí sínọ́ọ̀dù rẹ̀ bá gbà. Ìmọ̀ràn lòun náà.

Nàìjíríà di ẹkùn tó dá dúró ní 1979, pẹ̀lú Timothy Olufosoye gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́. Ilé mẹ́ta náà la ní. Sínọ́ọ̀dù àgbà ń pàdé lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Òun ló yí ìwé òfin ìjọ padà ní 2005, tó yọ gbólóhùn tó so wá mọ́ Canterbury kúrò, tó sì fi ìgbàgbọ́ tí a jọ dì mú rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé sínọ́ọ̀dù ọ̀hún lágbára.

Ìyá_Ìbejì

Sínọ́ọ̀dù ló ń yan bíṣọ́ọ̀bù náà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, mà. Lọ́dọ̀ wa, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń yan bíṣọ́ọ̀bù. Ní Amẹ́ríkà, àpéjọ dáyọ́sísì fúnra rẹ̀ ló ń dìbò, àlùfáà àti ọmọ ìjọ, kí àwọn dáyọ́sísì yòókù tó fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kan ló ń mú orúkọ lọ síwájú ọba; sínọ́ọ̀dù ń yan àwọn kan sínú ìgbìmọ̀ náà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò dìbò lórí orúkọ.

Bàbá_Wọ́dìn

Nǹkan kan nípa Amẹ́ríkà tún ń dá mi lẹ́rìn-ín. Dáyọ́sísì kọ̀ọ̀kan ń rán àlùfáà mẹ́rin àti ọmọ ìjọ mẹ́rin lọ sí àpéjọ gbogboogbò. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n ka ìbò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn mẹ́rin jọ ní ìbò kan ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí méjì bá gbà tí méjì kọ̀, ìbò dáyọ́sísì yẹn kì í sí lára bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹlẹ́nu_Òótọ́

Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn kí nǹkan má rọrùn 😂

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí kí n tó lọ sùn. Ọmọ_Akọrin kọ 44 àti 3 fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 2012. Mo kà níbòmíràn pé 49 ló wà níbẹ̀. Níbo ni méjì yòókù wà?

Arábìnrin_Amòfin

Wọ́n wà nínú gbọ̀ngán, mà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àwọn sílẹ̀ pé àwọn ò sí lápá ibì kankan. Wọn ò ka irú wọn mọ́ ẹni tó gbà, wọn ò kà á mọ́ ẹni tó kọ̀.

Bàbá_Wọ́dìn

Ní ilé ọmọ ìjọ lọ́jọ́ náà, ẹyọ ẹnì kan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn 206 ló mú ibì kan.